Ẹṣin Kan Ṣoṣo Lórí Pátákó

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2019, láti ọjọ́ 8 sí ọjọ́ 12, mẹ́wàá lára àwọn tó mọ ṣẹ́ẹ̀sì ta jù láyé kóra jọ sí òtẹ́ẹ̀lì Pullman ní Plateau, ní Abidjan. Magnus Carlsen wá láti Norway, Hikaru Nakamura wá láti Amẹ́ríkà, Ding Liren wá láti Ṣáínà. Bassem Amin, ọmọ Íjíbítì, nìkan ni ọmọ Áfíríkà tó jókòó sídìí tábìlì láàárín wọn. Grand Chess Tour ni orúkọ ìdíje náà, ìgbà àkọ́kọ́ sì nìyẹn tó máa tẹ ilẹ̀ Áfíríkà. Carlsen ló gbégbá orókè pẹ̀lú máàkì 26.5. Nakamura àti Maxime Vachier-Lagrave, ọmọ Faransé, gba 23 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan.

Ìròyìn ìdíje dùn-ún gbọ́, àmọ́ n kò ní bá a lọ jìnnà. Ohun tí mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ kó ọba méjèèjì kúrò lórí pátákó. Ẹ kó ayaba, ilé-ìṣọ́, bíṣọ́ọ̀bù àti gbogbo ọmọ-ogun kúrò. Ẹ jẹ́ kí ẹṣin kan ṣoṣo ṣẹ́ kù. Kò sí alátakò mọ́, kò sí aago tó ń lé èèyàn léré, kò sí ẹni tí à ń wá ọ̀nà àtipa. Kí ló wá kù tí ẹṣin kan lè fi ojú 64 ṣe? Ó kù rẹpẹtẹ. Àwọn onímọ̀ ìṣirò ti ń bá ẹṣin yìí ṣeré fún ohun tó lé ní 1,100 ọdún, àwọn tó ń ṣe géèmù fóònù sì ti rí i pé oúnjẹ wà níbẹ̀.

Irú géèmù tí mò ń wí kì í ṣe ńlá. Èèyàn lè ta odindi ìpele mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú bọ́ọ̀sì gbaka láti Yopougon dé Adjamé ní Abidjan, pàápàá bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá bá a dá sí i. Wọ́n á jù ọ́ sínú yàrá kan tí ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ojú funfun àti ojú dúdú. Ìwọ ni ẹṣin. Ilẹ̀kùn wà ní ìkángun kejì, ògiri dí àwọn ojú kan, ọmọ-ogun ń ṣọ́ àwọn ojú mìíràn. Bí ẹṣin ṣe ń rìn nínú ṣẹ́ẹ̀sì ni wàá ṣe rìn: ojú méjì tààrà, lẹ́yìn náà ojú kan sẹ́gbẹ̀ẹ́, láìka ohun yòówù tó bá wà láàárín sí, torí pé fífò ni ẹṣin ń fò. Nínú àwọn géèmù kan, ohun tí o bá pa ni wàá dà. Pa bíṣọ́ọ̀bù, o ti di bíṣọ́ọ̀bù nìyẹn, rírìn láti igun sí igun nìkan ló kù fún ọ. Pa ilé-ìṣọ́, o lè máa sáré tààrà láti ògiri dé ògiri, ṣùgbọ́n o ò lè fò mọ́. Ibi tí àdìtú náà ti le nìyẹn: ohun tó gbà ọ́ lọ́wọ́ ewu ìsinsìnyí lè jẹ́ ohun tí kò ní jẹ́ kí o dé ilẹ̀kùn.

Géèmù Pawnbarian, tó jáde ní 2021, fi ìrìn àwọn ọmọ ṣẹ́ẹ̀sì lé akọni kan lọ́wọ́ kó fi kojú àwọn ẹ̀dá abàmì. Ní 2022 àwọn ọmọ Faransé kan gbé Shotgun King jáde, nínú èyí tí ọba dúdú dá dúró pẹ̀lú ìbọn níwájú gbogbo ọmọ ogun funfun. Ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀ pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. The 7th Guest ti 1993 ti fi àdìtú ayaba mẹ́jọ sínú ilé iwin rẹ̀, a ó sì dé ọ̀dọ̀ ayaba mẹ́jọ yẹn láìpẹ́. Ní Abidjan fúnra rẹ̀, FEJA, àjọ̀dún ẹ̀rọ àti géèmù tí Paradise Game gbé kalẹ̀ ní 2017, ti di ibi tí àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn géèmù ń pàdé ara wọn. Géèmù bọ́ọ̀lù àti ti ìjà ló máa ń pe èrò jọ níbi irú àjọ̀dún bẹ́ẹ̀. N kò bá wọn du èrò. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mọ bí géèmù ṣe ń ronú nínú ikùn rẹ̀, kó mú èyí tó kéré jù, èyí tí bébà àti ìdérí ìgò tó láti fi ṣe é.

Ẹ mú bébà náà wá. Ẹ ya ojú mẹ́ta ní ìbú, mẹ́ta ní òró, kó di mẹ́sàn-án. Ẹ kọ 1, 2, 3 sí òkè. 4, 5, 6 sí àárín. 7, 8, 9 sí ìsàlẹ̀. Ẹ gbé ìdérí pupa méjì sí 1 àti 3, ìdérí aláwọ̀ ewé méjì sí 7 àti 9. Ẹṣin ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Iṣẹ́ tó wà ńlẹ̀ ni pé kí àwọn pupa bọ́ sísàlẹ̀, kí àwọn aláwọ̀ ewé gòkè, kí méjì má sì bá ara wọn lójú kan náà nígbà kankan. Paolo Guarini, ọmọ Ítálì, kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1512, gbogbo ọ̀rúndún tó tẹ̀ lé e sì ń tún un tà.

Ẹni tó bá kọ́kọ́ dán an wò á fò síhìn-ín, á fò sọ́hùn-ún, títí yóò fi há ara rẹ̀ mọ́gun. Ojú ló ń tàn án. Ó rí 1 àti 2 tí wọ́n fara kanra, ó rò pé aládùúgbò ni wọ́n. Ní ti ẹṣin, 1 àti 2 jìnnà síra gan-an ni. Ẹ bá mi ka ibi tí ẹṣin lè dé láti ojú kọ̀ọ̀kan. Láti 1, ó lè lọ sí 6 tàbí 8, ó tán. Láti 6, ó lè lọ sí 1 tàbí 7. Láti 7, 6 tàbí 2. Láti 2, 7 tàbí 9. Láti 9, 2 tàbí 4. Láti 4, 9 tàbí 3. Láti 3, 4 tàbí 8. Láti 8, 3 tàbí 1, a sì ti padà síbi tí a ti gbéra. Ojú 5 ńkọ́, èyí tó wà ní àárín gbùngbùn? Ẹṣin kankan ò lè débẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí èyí tó lè ti ibẹ̀ jáde.

Ẹ ya bébà mìíràn báyìí. Ẹ má ya ojú mẹ́sàn-án mọ́. Ẹ ya òrùka kan, kí ẹ to nọ́ńbà yí i ká bí ẹṣin ṣe tò wọ́n fún wa: 1, 6, 7, 2, 9, 4, 3, 8. Ẹ gbé àwọn ìdérí sí àyè wọn. Pupa wà lórí 1, ewé lórí 7, ewé lórí 9, pupa lórí 3, àyè òfìfo kan sì wà láàárín ẹnì kọ̀ọ̀kan àti èkejì rẹ̀. Ìfò ẹṣin tó ń dààmú wa lẹ́ẹ̀kan ti di ká kàn sún ìdérí sí àyè tó tẹ̀ lé e. Ẹ sún gbogbo wọn ní ẹsẹ̀ kan sí apá kan náà, kí ẹ tún sún wọn lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta, lẹ́ẹ̀kẹrin. Èyí tó wà lórí 1 ti dé 9. Ti 3 ti dé 7. Ti 7 ti dé 3, ti 9 ti dé 1. Ẹsẹ̀ mẹ́rin lọ́nà mẹ́rin, 16, kò sì sí ọ̀nà tó kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Òrùka yìí sọ nǹkan kan tí pátákó kò lè sọ fún wa. Ká ní wọ́n ní kí àwọn pupa parí sí 1 àti 9, kí àwọn aláwọ̀ ewé parí sí 3 àti 7. Ẹ wo òrùka. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, bí wọ́n ṣe tò ni pupa, ewé, ewé, pupa. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni pupa, ewé, pupa, ewé. Lórí òrùka, kò sí ẹni tó lè ya ẹnì kejì rẹ̀ sílẹ̀ kọjá. Torí náà, bí èèyàn bá fi ọdún kan fò, kò lè bọ́ sí i. Ẹni tó ń wo pátákó á máa rò pé òun kàn ò tíì rí ọgbọ́n rẹ̀ ni. Ẹni tó ń wo òrùka ti gbé ìdérí rẹ̀ sílẹ̀, ó ti lọ jẹ attiéké.

Kò yẹ kó ṣòro fún ẹni tó ń gbé Abidjan láti lóye ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe yìí. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ló wà níbẹ̀, àwọn ọmọ Èjìgbò sì pọ̀ láàárín wọn débi pé ọkọ̀ ń gbéra tààrà láti Èjìgbò lọ sí Abidjan. Ẹni tó ní ìsọ̀ ní Treichville lára wọn, bó bá dúró sétí ọ̀sà Ébrié, yóò rí àwọn ilé gíga Plateau kedere níwájú rẹ̀. Ojú ti débẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá yọ ọkọ̀ ojú omi sẹ́yìn, ẹsẹ̀ àti táyà kò mọ ọ̀nà mìíràn ju afárá lọ. Afárá Houphouët-Boigny ti wà láti 1957. Ti de Gaulle dé ní 1967. Ẹ̀kẹta, tí wọ́n sọ lórúkọ Henri Konan Bédié, ṣí ní oṣù Kejìlá ọdún 2014, láti Riviera wọ Marcory, owó la sì ń san kí wọ́n tó jẹ́ ká gun orí rẹ̀. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló so apá àríwá ìlú mọ́ erékùṣù Petit-Bassam tí Treichville, Marcory àti Koumassi wà lórí rẹ̀. Awakọ̀ tó bá mọṣẹ́ kì í fi kìlómítà ro ìrìn-àjò rẹ̀ láàárín méjèèjì. Afárá tó máa gbà ló ń rò.

Leonhard Euler, ọmọ Switzerland, ló kọ́kọ́ sọ irú ìrònú yìí di ìmọ̀. Ní ìlú Königsberg, tó ti di Kaliningrad lábẹ́ Rọ́ṣíà lónìí, odò pín ìlú sí ilẹ̀ mẹ́rin, afárá méje ló sì so wọ́n pọ̀. Àwọn ará ìlú ń wádìí bóyá èèyàn lè gba afárá méjèèje kọjá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní 1736 Euler fi hàn pé kò ṣeé ṣe, kò sì rìn kí ó tó mọ̀. Ohun tó kíyè sí ni pé bí o bá gba afárá kan wọ ilẹ̀ kan, òmíràn lo gbọ́dọ̀ gbà jáde, àyàfi tí o bá bẹ̀rẹ̀ tàbí parí ìrìn rẹ níbẹ̀. Ìyẹn ni pé àwọn afárá tó kan ilẹ̀ kan gbọ́dọ̀ pín sí méjì méjì. Ilẹ̀ tí kò bá pín bẹ́ẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ tàbí òpin nìkan ló lè jẹ́. Nígbà tó wo Königsberg, ilẹ̀ kan ní afárá márùn-ún, àwọn mẹ́ta tó kù ní mẹ́ta mẹ́ta. Ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, afárá kan ló ṣẹ́ kù tí kò ní èkejì, ìrìn kan ò sì ní ju ìbẹ̀rẹ̀ kan àti òpin kan lọ.

Ẹ gbé ìṣirò náà wá sí Abidjan, kí ẹ mú àwọn afárá ọ̀sà mẹ́ta yẹn nìkan. Láti 1967 títí di òpin 2014, méjì ni wọ́n. Ará Plateau lè gba ọ̀kan lọ, kó gba èkejì bọ̀, kó sùn sílé rẹ̀ láìtún afárá kan gbà. Nígbà tí ẹ̀kẹta dé, ọ̀rọ̀ yí padà. Ẹni tó bá gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọjá lẹ́ẹ̀kan lẹ́ẹ̀kan, òdìkejì ọ̀sà ló máa bá ara rẹ̀, bó ti wù kó to wọn. Àkọ́kọ́ gbé e kọjá, èkejì dá a padà, ẹ̀kẹta tún gbé e kọjá.

Euler yìí kan náà ló tún kọ̀wé lórí ẹṣin ṣẹ́ẹ̀sì ní 1759. Ìbéèrè rẹ̀ ni pé: ṣé ẹṣin kan lè tẹ gbogbo ojú 64, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lójú kọ̀ọ̀kan? Ó lè ṣe é. Ìrìn yìí ti pẹ́ kí wọ́n tó bí Euler. Al-Adli, ọ̀gá oníṣẹ́ẹ̀sì ní Baghdad, ti rìn ín ní nǹkan bí ọdún 840. Kódà ẹ̀rọ tó dà bí èèyàn tó wé láwàní, tí Wolfgang von Kempelen gbé jáde ní 1770, tó ń ta ṣẹ́ẹ̀sì níwájú àwọn ọba Yúróòpù, máa ń fi ìrìn ẹṣin yìí dá àwọn òǹwòran lára yá. Èèyàn kan ni wọ́n fi pamọ́ sínú rẹ̀, ẹ̀rọ ọ̀hún ò dá nǹkan kan rò.

Ẹ wo àwọ̀ ilẹ̀ tí ẹṣin ń fò lé. Bó bá wà lórí funfun, dúdú ló máa balẹ̀ sí. Bó bá wà lórí dúdú, funfun ni. Kò sí ìfò kan tó yọ sílẹ̀. Funfun jẹ́ etí ọ̀sà kan, dúdú jẹ́ èkejì, ìfò kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ afárá. Láti tẹ ojú 64 tán, ẹṣin nílò ìfò 63, ìyẹn kò sì pín sí méjì. Nítorí náà, bó bá bẹ̀rẹ̀ lórí funfun, dúdú ló máa parí sí dandan. Ẹ wá ronú ẹni tó ń ṣe géèmù, tó gbé akọni rẹ̀ sí igun kan pátákó olójú 64 yìí, tó gbé ilẹ̀kùn sí igun tó jìnnà sí i jù, tó sì ní kí ẹlẹ́ṣin tẹ gbogbo ojú kó tó wọlé. Ó dára lójú, àmọ́ àwọ̀ kan náà ni àwọn igun méjèèjì. Àwọn tó bá ra géèmù náà á ta á di òru, á máa rò pé òpè ni wọ́n, nígbà tó jẹ́ pé ẹni tó ṣe é ni kò ka àwọ̀ ilẹ̀.

Yàrá olójú 25, márùn-ún lọ́nà márùn-ún, tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí àwọn igun bá jẹ́ dúdú, ojú dúdú jẹ́ 13, funfun jẹ́ 12. Ìrìn tó máa kárí gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ lórí dúdú, kó sì parí lórí dúdú. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ lórí funfun ti kú kó tó fò. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ síbi tó yẹ, ọ̀nà 1,728 ló wà. Lórí pátákó olójú 64, ọ̀nà tí ẹṣin lè gbà tẹ gbogbo ojú kó sì tún lè fi ìfò kan padà síbi tó ti gbéra jẹ́ 13,267,364,410,532, bí a bá ka lílọ àti bíbọ̀ ìrìn kan náà sí ọ̀kan. Iye yẹn pọ̀ gan-an, síbẹ̀ ẹni tó bá jókòó tì í láìní ọgbọ́n kankan kì í rí ẹyọ kan nínú rẹ̀.

Ọgbọ́n kan wà tí von Warnsdorff, ọmọ Jámánì, kọ sílẹ̀ ní 1823. Kí ẹṣin tó fò, kó wo gbogbo ojú tó lè balẹ̀ sí, kó ka iye ọ̀nà àbájáde tó ṣẹ́ kù fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó sì bọ́ sí èyí tí àbájáde rẹ̀ kéré jù. Ó dà bí ìwà òmùgọ̀ létí ẹni tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ta ló ń sá wọ kọ̀rọ̀? Ṣùgbọ́n igun pátákó ní àbájáde méjì péré, ojú àárín ní mẹ́jọ. Àárín lè dúró de èèyàn. Igun tí o bá fi sílẹ̀ títí tí ọ̀kan nínú ọ̀nà rẹ̀ méjèèjì fi dí, bí o bá wọ̀ ọ́ nígbẹ̀yìn, o ò ní jáde mọ́. Òfin Warnsdorff máa ń já èèyàn kulẹ̀ nígbà mìíràn, pàápàá lórí pátákó tó tóbi gan-an, ṣùgbọ́n lórí ojú 64 mo fara mọ́ ọn ju òfin yòówù tí mo mọ̀ lọ. Ẹ dán an wò pẹ̀lú pẹ́ńsù, kí ẹ máa kọ nọ́ńbà sí ojú tí ẹ bá tẹ̀.

Ayaba ò ṣeé fi òfin ẹyọ kan bá lò bẹ́ẹ̀. Ní 1848 Max Bezzel, ọmọ Jámánì, béèrè bí a ṣe lè to ayaba mẹ́jọ sórí pátákó kan kí ọ̀kan má lè pa èkejì. Franz Nauck rí gbogbo ìdáhùn rẹ̀ ní 1850: 92 ni wọ́n, tàbí 12 bí a bá ka àwọn tó jọ ara wọn nígbà tí a bá yí pátákó tàbí tí a bá wò ó nínú dígí sí ọ̀kan. Ibi tí a lè gbé ayaba mẹ́jọ sí láìronú jẹ́ oríṣi 4,426,165,368. Bí a bá rántí pé ayaba méjì ò lè wà lórí ìlà kan náà, yálà ní ìbú tàbí ní òró, iye yẹn já wálẹ̀ sí 40,320. Láti ibẹ̀, ẹ to ọ̀kan sí ìlà àkọ́kọ́, ọ̀kan sí ìkejì, kí ẹ máa bá a lọ. Tí ìlà kan ò bá ní ibi tó yọ̀ǹda, ẹ padà sí ìlà tó ṣáájú rẹ̀, kí ẹ sún ayaba ibẹ̀, kí ẹ tún bọ́ síwájú. Ohun tí kọ̀ǹpútà ń ṣe gan-an nìyẹn, àyàfi pé kì í kanra.

Ọ̀nà kan náà tàbí èyí tó sún mọ́ ọn ni ẹni tó ń ṣe géèmù fi ń mọ̀ bóyá ìpele kan ṣeé yege. Kò ní gbẹ́kẹ̀ lé ojú. Yóò ka gbogbo ipò tí géèmù lè wà. Akọni lórí ojú 64 jẹ́ ipò 64. Bó bá lè jẹ́ ẹṣin, bíṣọ́ọ̀bù, ilé-ìṣọ́ tàbí ayaba, ó di 256. Fi kọ́kọ́rọ́ kan kún un, tó mú tàbí tí kò tíì mú, ó di 512. Bó bá jẹ́ ohun mẹ́wàá ló wà nílẹ̀ tó lè mú tàbí kó fi sílẹ̀, 262,144 ni. Kọ̀ǹpútà á bẹ̀rẹ̀ láti ipò ìbẹ̀rẹ̀, á kọ gbogbo ibi tí ìgbésẹ̀ kan lè gbé e dé, lẹ́yìn náà ibi tí méjì lè gbé e dé, títí yóò fi kan ilẹ̀kùn tàbí tí kò fi ní rí ipò tuntun mọ́. Ìṣẹ́jú àáyá ló ń gbà. Ìgbésẹ̀ tó kéré jù tó rí ni wọ́n máa ń kọ sí igun ìpele náà fún ẹ láti lépa.

Ayò náà ti kọjá lábẹ́ irú ìdánwò yìí. Ní 2002, John Romein àti Henri Bal ní yunifásítì Vrije ní Amsterdam ka gbogbo ipò tó wà nínú awari, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà tí ìdílé ayò àti awalé ní. Ipò 889,063,398,406 ni. Kọ̀ǹpútà wọn, tó ní ọpọlọ 144, fi wákàtí 51 ṣiṣẹ́, ó sì sọ pé bí ọ̀ta méjì bá ta á láìṣe àṣìṣe kankan, ọ̀mì ni.

Ṣé èyí wá sọ pé ọmọ tó bá ń ta irú géèmù yìí á gbọ́n sí i nílé ẹ̀kọ́? Àwọn òbí kan ń ra ṣẹ́ẹ̀sì fún ọmọ bí ẹni ra àgbo, pé kó lo ó kó lè mọ ìṣirò. N kò ní gbà wọ́n níyànjú bẹ́ẹ̀. Ní England wọ́n kó ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ 100 jọ, pẹ̀lú nǹkan bí 4,000 ọmọ tó wà láàárín ọdún 9 sí 10. Wọ́n kọ́ àwọn kan ní ṣẹ́ẹ̀sì nínú kíláàsì, wọn ò kọ́ àwọn yòókù. Ọdún kan lẹ́yìn tí ẹ̀kọ́ náà parí, wọ́n dán gbogbo wọn wò nínú ìṣirò. Àbájáde tó jáde ní 2016 fi hàn pé kò sí ìyàtọ̀.

Ìdí rẹ̀ ti hàn tipẹ́ sí ẹni tó bá wo bí ọpọlọ ọ̀ta ṣe ń ṣiṣẹ́. Ní 1973, William Chase àti Herbert Simon ní Amẹ́ríkà fi pátákó ṣẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ti ta dé àárín han àwọn èèyàn fún ìṣẹ́jú àáyá 5, wọ́n sì ní kí wọ́n to ohun tí wọ́n rí padà. Ọ̀gá rántí nǹkan bí ọmọ 16, òpè rántí nǹkan bí 4. Lẹ́yìn náà wọ́n da àwọn ọmọ náà sórí pátákó ṣákálá, bí wọn kò ṣe lè wà nínú eré gidi. Ọ̀gá di òpè: òun náà ò rántí ju bíi mélòó kan lọ. Orí rẹ̀ kò fẹ̀ ju ti ẹlòmíràn. Àwọn àwòrán tó ti bá pàdé lọ́pọ̀ ìgbà ló pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, àwòrán ṣẹ́ẹ̀sì sì ni wọ́n. Jean Retschitzki láti Fribourg ní Switzerland lọ bá àwọn Baoulé ní àárín gbùngbùn Côte d'Ivoire nítorí irú ìbéèrè yìí, ó ń wo bí àwọn ọmọdé ibẹ̀ ṣe ń kọ́ ọgbọ́n awalé, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1990. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọ̀ta ṣe ń di ọ̀ta, ọ̀dọ̀ àwọn Baoulé ló yẹ kó lọ kí a tó sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ oníṣẹ́ẹ̀sì nìkan.

Nítorí náà, ẹ fún ọmọ ní àdìtú ẹṣin torí pé ó dùn. Àǹfààní kan tó tún wà níbẹ̀ ni pé yóò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, kò sì gba kọ̀ǹpútà. Ẹ bá a ya yàrá olójú 12: mẹ́rin ní ìbú, mẹ́ta ní òró. 1 dé 4 lókè, 5 dé 8 láàárín, 9 dé 12 nísàlẹ̀. Akọni wà ní 1, ilẹ̀kùn wà ní 12, ní igun tó dojú kọ ọ́. Kó tẹ gbogbo ojú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kó tó wọlé. Ẹ kọ́kọ́ ka àwọ̀: 1 àti 12 yàtọ̀ síra, ìfò 11 ò sì pín sí méjì, nítorí náà ọ̀nà ṣì wà. Lẹ́yìn náà ẹ kọ ibi tí ẹṣin lè dé láti ojú kọ̀ọ̀kan, bí a ti ṣe sí yàrá olójú mẹ́sàn-án, kí ẹ wá tún un yà. Ohun tí ẹ máa rí ni òrùka méjì, ojú mẹ́fà mẹ́fà, tí okùn méjì so mọ́ra: ọ̀kan láti 2 sí 11, ọ̀kan láti 3 sí 10. Yí òrùka àkọ́kọ́ po tán, gba okùn kan kọjá, yí èkejì po. Bí ẹ bá fẹ́ gbé ilẹ̀kùn kúrò ní 12, 5 nìkan ló kù tó ṣeé gbé e sí. Bí ẹ bá sì fẹ́ pààrọ̀ ibi tí akọni ti ń bẹ̀rẹ̀, 4, 5, 8, 9 àti 12 dára, bí ẹ bá gbé ilẹ̀kùn náà síbi tó bá a mu. Ẹ má gbé e sí 2, 3, 6, 7, 10 tàbí 11, àyàfi bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ fi àbúrò yín ṣe yẹ̀yẹ́.